Gàní, Ìyàwó Rẹ Ti Dé Pápá Orin

Gàní, àbúrò mi, ọdún márùn-ún rèé tí o fi wá sílẹ̀. Ọdún márùn-ún gbáko! Lójoojúmọ́ tí mo bá kírun Àsùbáà tán, n ó ṣàdúà fún bàbá wa, n ó ṣe fún ìyá wa, n ó wá fi tìrẹ kún un. Àwa méjì péré ni wọ́n bí. Èmi ni mo pọ̀n ọ́ lọ sí ilé kéwú. Kì í ṣe èmi ló yẹ kí n máa tọrọ àlùjánnà fún ọ. Ìwọ ló yẹ kí o máa tọrọ rẹ̀ fún mi.

Lọ́dọọdún, Zubair ọmọ rẹ ló máa ń kọ ìrántí rẹ, tí yóò kí ọ bí ọmọ ṣe ń kí bàbá. Lọ́dún yìí mo ní kí ó gbé bírò sílẹ̀, kí ó jẹ́ kí èmi Hàjàrá bá ọ sọ̀rọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé rẹ láàárín oṣù méjì sí ìsinsìnyí, ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Mùnírátù ìyàwó rẹ ni. Jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, kí ó lè yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí pàápàá.

O tún rédíò ṣe ní àdúgbò Ṣàngó títí fóònù fi dé, o sì tún fóònù náà ṣe. Iṣẹ́ rẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ rẹ, Ìrọ̀rùn Báǹdì ni. Akọrin mẹ́jọ ni wọ́n, Àlàájì Àhmádù tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Onígìtá sì ni olórí wọn. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án lọ́dọọdún, nígbà tí àwọn báǹdì bá kóra jọ sí pápá kan lẹ́yìn Adéwọlé fún àjọ̀dún orin, kò sẹ́ni tó lè dá ọ dúró sílé. Ọdún mẹ́rìnlélógún, o kò pa ọ̀kan jẹ. Ọjọ́ tí wọ́n bí Zubair, o gbé ọmọ lọ́wọ́, o pe ìrun sí i létí, o gbé e padà fún ìyá rẹ̀, o sì gba ọ̀nà pápá lọ! A rẹ́rìn-ín rẹ títí lọ́jọ́ náà.

Mùnírátù kò bá ọ lọ rí. Ọmọ Àáfà ni, ní Gàmbàrí. Ilé tí ohùn ọmọ kéwú kì í ti í dákẹ́ láti àárọ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ, kò sì mọ ohun tí abilékọ ń wá ní pápá orin. Ṣùgbọ́n kò bá ọ jà lórí rẹ̀. Bí àjọ̀dún bá ku ọ̀la, yóò fọ jalabíà funfun rẹ, yóò lọ̀ ọ́. "Ẹ máa lọ síbi orin yín," ni yóò wí, "èmi á máa ṣọ́lé." Báyìí ni ẹ̀yin méjèèjì ṣe gbé e, ó sì rọ̀ yín lọ́rùn.

Àfi ọdún tó kẹ́yìn yẹn. Òjò dé lẹ́yìn ìrun Alásárì. Àwọn ènìyàn sá, ìwọ dúró. O dé ilé, omi ń kán láti ara rẹ, orin ṣì wà lẹ́nu rẹ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ikọ́ dé. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìndínlógún, ọlọ́jọ́ dé.

Láti ọjọ́ yẹn ni Mùnírátù ti mú ọ̀rọ̀ kan, kò sì fi í sílẹ̀. "Àwọn elérè yẹn ni wọ́n pa ọkọ mi." Kò pariwo rẹ̀. Bí ẹni ń sọ pé òjò ń rọ̀ ló ṣe ń sọ ọ́.

Ní ọjọ́ fídáù rẹ, Bàbá Onígìtá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ mẹ́ta wá. Aṣọ funfun ni gbogbo wọn wọ̀, wọ́n sì fa àgbò kan lọ́wọ́. Mùnírátù dìde láàárín àwọn obìnrin, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó di ojú ọ̀nà náà.

"Ẹ fa àgbò yín padà," ló wí. "Èyí tí ẹ gbà lọ́wọ́ mi ti tó."

Bàbá arúgbó náà ní kí wọ́n fa àgbò náà jáde. Ó tẹrí ba, ó yí padà. Mo wà nínú ilé, Gàní. Mo gbọ́. Mo mọ ohun tí mo mọ̀, mo sì panu mọ́.

Ìwọ náà mọ ohun tí mo mọ̀. Oṣù méjì ṣáájú òjò yẹn lo wá bá mi nílé pẹ̀lú ìwé dókítà àti fọ́tò àyà rẹ tí wọ́n yà. O ní wọ́n sọ pé ọkàn rẹ ti wú, pé ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé ó lè jẹ́ oṣù díẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọdún kan, kò dájú. O ní, "Àǹtí, ẹ má sọ fún Mùnírà. Bó bá mọ̀, kò ní sùn mọ́." O mú mi búra. Kì í ṣe òjò ló pa ọ́. O mọ̀ pé o ń lọ, o sì fẹ́ gbọ́ orin rẹ dópin. Ọdún márùn-ún ni mo fi wo obìnrin kan tó ń kórìíra ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́, tí mo ní ìbúra ni kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Nǹkan kò dúró sójú kan láti ìgbà tí o ti lọ. Zubair gba ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Ṣàngó, kò jẹ́ kí ó kú. Ó ti gba ìkejì mọ́ ọn. Àwọn oníbàárà rẹ àtijọ́ ṣì ń wá, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ jọ tìrẹ. Yàrá ẹ̀yìn tí o fi sílẹ̀ láìrẹ́, wọ́n ti rẹ́ ẹ, wọ́n ti kùn ún. Raudah, ọmọbìnrin rẹ, ti wọ yunifásítì. Ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ló ń kọ́! Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí o lọ, ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ báyìí.

Ohun kan ṣoṣo ni kò padà sínú ilé náà, orin ni. Mùnírátù kó gbogbo káséètì rẹ sínú páálí, ó dì í, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí rédíò bá ti fẹ́ kọ orin Ìrọ̀rùn, ọwọ́ rẹ̀ ti dé bọ́tìnì. Kò mọ̀ pé Raudah ti rí àyè gbé àwọn káséètì náà, pé Zubair ti bá a dà wọ́n sínú fóònù, pé ọmọ náà ń fi wọ́n sétí káàkiri ilé bí ẹni tó ń gbọ́ wàásù.

Ìgbà tó di oṣù kẹjọ ọdún yìí, ìròyìn jáde pé ìka Bàbá Onígìtá ti ń gan, pé àjọ̀dún tó ń bọ̀ yìí ni yóò lù kẹ́yìn. Raudah lọ bá ìyá rẹ̀. Kò sọ pé òun fẹ́ lọ. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

"Èmi? Ibi tí wọ́n ti pa bàbá rẹ?"

"Màmá, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ níbẹ̀."

"N kò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan. Má sọ ọ́ mọ́ nínú ilé yìí."

Ọmọ rẹ gba kẹ̀kẹ́ Márúwá wá bá mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Màmá Àlájà, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Bó bá jẹ́ pé èmi ni n ó lọ, mo lè lọ láti ilé ìwé, wọn kò ní mọ̀. Àwọn gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n lọ." Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, adùn rẹ̀ á lọ. N kò tẹ̀ ẹ́. Èmi náà tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́, ẹnu wo ni n ó fi bi ẹlòmíì?

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Gàní, mo mọ̀ pé ìbúra wa ti tó gẹ́ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo lọ. Mùnírátù jókòó sẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ. Mo jókòó tì í, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti dókítà. Mo sọ ti fọ́tò àyà. Mo sọ ohun tí o ní kí n má sọ, àti ìdí tí o fi ní kí n má sọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró, ó ń ṣa ẹ̀wà lọ.

Nígbà tí mo parí, ó bi mí, "Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi nìkan."

"Ọdún márùn-ún, Àlájà."

"Ọdún márùn-ún ni, ìyàwó mi."

Ó da èyí tó ti ṣà àti èyí tí kò tíì ṣà pọ̀ mọ́ ara wọn, ó dìde, ó wọlé. Mo jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi bá mi. Kò jáde.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi gbé ìpè mi. N kò bá a wí. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó wá sílé mi fúnra rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì jókòó sórí ẹní. Ojú rẹ̀ ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le.

"Ẹ̀yin kọ́ ni mo ń bínú sí," ló wí. "Bàbá Zubair ni. Ó rò pé n kò lè gbé e. Mo gbé oyún mẹ́rin, mo sin méjì, ó wá rò pé n kò lè gbé ìwé dókítà!"

Gàní, ṣé ìwọ ní èsì sí ìyẹn?

Ó tún ní, "Mo lé àwọn arúgbó lẹ́nu ọ̀nà mi lọ́jọ́ àdúà. Àgbò ni wọ́n mú wá. Wọn kò ṣẹ̀ mí." Ó nu ojú. "Ẹ bá mi lọ sí pápá yẹn. N kò lè dá lọ."

Báyìí ló ṣe di pé ní ọjọ́ Sátidé àjọ̀dún, lẹ́yìn ìrun Àyìlà, àwa mẹ́ta jókòó sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá kan: èmi, ìyàwó rẹ àti ọmọ rẹ. Hìjáábù aláwọ̀ aró ni Mùnírátù wọ̀, ó sì di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni tó ń lọ sí ìlú tí kò mọ̀.

Ọ̀pọ̀ èrò ni a bá níbẹ̀! Àwọn ọ̀dọ́ wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ orúkọ báǹdì sí láyà. Obìnrin Fúlàní kan ń ta wàrà lábẹ́ igi, àwọn kan ń ta sóbò tútù, jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn pèpéle. Àwọn bàbá onírùngbọ̀n funfun jókòó lórí àga ike, wọ́n ń mi orí kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Mo rí Mùnírátù tó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn ọmọ ìta ni òun rò pé òun máa bá. Àwọn tó bá, àwọn ẹni tó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ni.

Ó bi Raudah pé, "Níbo ni bàbá rẹ máa ń dúró sí?"

Raudah kò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan tó wà nítòsí wa ló dáhùn. Zakari lorúkọ rẹ̀, òun ni alága àwọn olólùfẹ́ báǹdì náà, ó sì ti dá Raudah mọ̀ nítorí pé ojú yín jọ. "Ọwọ́ òsì, níwájú àpótí tí ohùn gìtá ńlá ti ń jáde," ni Zakari wí. "Ó ní ibẹ̀ ni orin ti ń wọ eegun." Mùnírátù bẹ̀ ẹ́ pé kó mú òun lọ bá Bàbá Onígìtá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eré.

A bá bàbá náà lẹ́yìn pèpéle lórí àga, ó ń fi òrí ra ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mùnírátù kúnlẹ̀ sórí koríko.

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Èmi ni mo lé yín padà lọ́jọ́ fídáù Gàní, ọkọ mi, tó ń tún rédíò ṣe ní Ṣàngó. Mo rò pé òjò pápá yín ló pa á. Kì í ṣe òun. N kò mọ̀ nígbà yẹn ni."

Bàbá Onígìtá ní, "Dìde, ọmọ mi. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, a kì í ka ọ̀rọ̀ sí i lọ́rùn." Lẹ́yìn náà ó wò ó dáadáa. "Ìyàwó Gàní? Kí lorúkọ rẹ?"

"Mùnírátù, Bàbá."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìka. "Mùnírà? Ìwọ ni Mùnírà?"

Ó pe àwọn ènìyàn rẹ̀. "Ẹ wá o! Ẹ wá wo Mùnírà!" Àwọn arúgbó yẹn sì ń sáré bọ̀, ẹni tó mú fèrè, ẹni tó mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, wọ́n yí ìyàwó rẹ ká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí o kò sọ fún èmi náà. Bàbá Onígìtá ló rò ó. Ó ní ọdún kan, ó ti lé ní ogún ọdún, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn kú sí àárín eré, àwọn èrò ti ń hó. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan fò sórí pèpéle pẹ̀lú àpò irinṣẹ́, ó dùbúlẹ̀ ti ẹ̀rọ náà, ó tú u, ó lẹ wáyà, ohùn sì padà. Ìwọ ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà, Gàní; wọ́n ní kí o sọ ohun tí o bá fẹ́. O ní o kò fẹ́ nǹkan kan. O ní ìyàwó rẹ kì í wá sí pápá, pé kí wọ́n bá ọ fi orúkọ rẹ̀ sínú orin kan, kí ó lè máa bá ọ wà níbẹ̀.

"Òun la fi ń parí eré láti ọdún náà," ni Bàbá Onígìtá wí. "Gbogbo ayé mọ Mùnírà. Àwa tí a ń kọ ọ́ ni a ò mọ̀ ọ́n lójú; lọ́jọ́ fídáù, a ò mọ̀ pé òun ló dúró sẹ́nu ọ̀nà."

Ìyàwó rẹ dá a lóhùn, ó ní, "Mùnírátù ni, Bàbá. Òun ló máa ń gé e kúrú." Ẹ̀rín pa wá!

Ó yíjú sí Raudah. "Ìwọ mọ̀?"

"Láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Màmá. Inú káséètì kan tí bàbá wa gbà sílẹ̀ ní pápá, tí wọn kì í lù nílé, ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹ kì í jẹ́ kí n sọ ọ́ dópin."

A lọ dúró sí ọwọ́ òsì, níwájú àpótí ńlá náà. Wọ́n kọrin títí oòrùn fi rọlẹ̀. Ìka bàbá náà gan lóòótọ́, àwọn ibì kan wà tí ọ̀dọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá a lù, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Nígbà tó kan orin ìparí, ó gbé gìtá sílẹ̀, ó di máìkì mú.

"Ta ló ń dúró dè mí nílé?"

Gbogbo pápá dáhùn: "Mùnírà ni!"

"Ta ló gbé àtùpà sẹ́nu ọ̀nà?"

"Mùnírà ni!"

"Bí ayé bá sú mi, ta ni n ó bá?"

"Mùnírà ni!"

Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí o gbéyàwó ni wọ́n ń pariwo orúkọ ìyàwó rẹ, Gàní! Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ pé òun ló dúró láàárín wọn. Mùnírátù kò jó. Kò pàtẹ́wọ́. Ó kàn dúró, ó gbé ọwọ́ lé àyà, omi ń dà lójú rẹ̀ láìsí ariwo kankan. Ọmọdébìnrin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yíjú sí i, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Màmá, ẹ máa gbè é! Ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni," ni ìyàwó rẹ wí.

Nínú kẹ̀kẹ́ tá a gbé padà, ó ń wo ojú ọ̀nà títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ṣàngó. Ìgbà náà ló ní, "Ó yẹ kí ó ti sọ fún mi."

Mo ní, "Èwo nínú ẹ̀?"

Ó ní, "Méjèèjì."

Gàní, ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá lórí ìyẹn. Mo da ìbúra rẹ, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo kábàámọ̀ ni pé ó pẹ́ kí n tó dà á. Bí a bá pàdé lọ́hùn-ún, kí o bá mi jà, n ó gbà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ fún ọ pé ìyàwó rẹ ń sùn báyìí. Ó ń jẹun. Lánàá ó bi Zubair bí ẹ̀rọ káséètì kan bá ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù tó lè ṣiṣẹ́, Zubair sì fi iṣẹ́ àwọn oníbàárà sílẹ̀, ó lọ ń tún ọ̀kan ṣe.

A ṣì ń wá ọ. Lójú oorun, lójú ìrìn, ní gbogbo ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ tí àwọn ọmọ bá to ara wọn láti kí mi, tí mo sì ka orí wọn, tí kò pé. Kí Ọlọ́hun fẹ ibojì rẹ. Kí Ó tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Kí Ó fi àlùbáríkà sí ohun gbogbo tí o fi sílẹ̀.

Mo bi Mùnírátù léèrè ohun tí ó fẹ́ kí n kọ sí ọ lórúkọ rẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ṣì ń bá ọ jà, pé ìjà náà kò tíì parí, pé òun kò sì mọ ọjọ́ tí yóò parí. Ìwọ náà mọ ìyàwó rẹ, àbúrò mi. Ẹni tí kò bá sí lọ́kàn rẹ̀, kì í bá a jà.